Ojú Tí Kì Í Wo Àgbà

Ìyá Ìbíyẹmí ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé àga ń bẹ níbẹ̀. Ìró tuntun tó rà nítorí ọjọ́ yìí ló fi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ń dán yẹn, ó ń kí ẹ̀rọ tó ń yẹ ojú wò bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń kí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ojú arúgbó kan, títí dé àyà rẹ̀, ló wà nínú dígí ẹ̀rọ náà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó dé fìlà abetí ajá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti hunjọ. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pe obìnrin náà ní oríkì rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó. Máa wò mí lójú. Nígbàkúùgbà tí o bá rí iná kékeré tó tàn, tẹ bọ́tìnì tó wà lọ́wọ́ rẹ.”

“Ẹ ṣé, sà. Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.”

Àwọn ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tó kún inú gbọ̀ngán mi orí, ó dùn mọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí ní èbúté Odòẹkùn kò ní gbà pé òun náà nìyí. Ìyá Kíréènì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òkè téńté ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ nínú ẹ̀rọ agbẹ́rù, tó ń gbé àpótí irin tó tó ilé kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ sí ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbi tí kò yẹ kó dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àgbà síwájú rẹ̀, kíá ni yóò di ọmọ kékeré.

Ìbíyẹmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ojú tipẹ́, kó tó tún padà wọlé wá kọ́ èyí tó jinlẹ̀: àìsàn iṣan ojú, ojú ọmọ ọwọ́, dígí fún àwọn tí ìríran wọn kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹni tó bá yege lónìí yóò gba Àga. Yóò lọ máa jókòó ti ẹ̀rọ ní olú-ìlú, yóò máa fi àtàǹpàkò rẹ̀ fọwọ́ sí ìdájọ́ tí ẹ̀rọ bá dá. Ẹni tó bá ṣe dáadáa díẹ̀ yóò wọ yàrá ìwádìí, yóò sì máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ọ̀nà Ẹsẹ̀ ni tirẹ̀: wọn yóò gbé àpò awọ kan kọ́ ọ léjìká, kó máa rìn láti abà dé abà, kó máa kán oògùn sójú arúgbó. Kò sí ìyá tó ń gbààwẹ̀ kí ọmọ òun lè bọ́ sí ọ̀nà Ẹsẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn náà kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ẹni tó tọ́ ọ dàgbà wá síwájú ẹ̀rọ ní gbangba, yóò sì fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nípa ojú ẹni náà. Wọ́n ní ẹni tó bá lè sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀ yóò lè sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, pàápàá létí àwọn tí ìyá wọn ti kú.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ìríran tó wà lọ́rùn ọwọ́ ìyá Ìbíyẹmí, èyí tí kò tíì yí kúrò ní àwọ̀ ewé láti ọjọ́ tí òfin ìlẹ̀kẹ̀ ti dé, nítorí pé kò tíì kàn án láti jókòó síwájú ẹ̀rọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ eérú, ó tún di àwọ̀ ewé. Àwọn tó jókòó níwájú mí kanlẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọ̀ ewé ni pé kí o lọ ṣiṣẹ́. Àwọ̀ eérú ni pé o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àdá, ìjọba yóò wá kó ọ lọ sí Ilé Ìsinmi, wọn yóò máa bọ́ ọ níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

“Pẹ̀lẹ́, Àwẹ̀ró, ọmọ mi,” ni arúgbó inú dígí wí. “Apá òkè ojú rẹ méjèèjì ti ṣú. Iṣan ojú rẹ ń kú lọ. Kí ọmọ rẹ wá fọwọ́ sí i.”

Ìyá rẹ̀ rẹ orí sílẹ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ara Ìbíyẹmí gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ojú tó ń rí okùn tó já lórí ọkọ̀ láti òkè kíréènì, tó ń rí kòkòrò nínú ìrẹsì kí ẹlòmíràn tó gbé ìgò ojú rẹ̀, òun ni wọ́n ní ó ń kú lọ. Ó yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí pèpéle, ó ní òun kò tíì ní tẹ àtàǹpàkò, òun fẹ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wò ó. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ṣì gbà á láàyè, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè fún un, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Kánò ni.

Ó fa àga kan, ó jókòó kojú ìyá rẹ̀, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ní kó fi ọwọ́ bo ojú òsì, kó máa wo imú òun. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka sókè, ó gbé e ga ju iwájú orí lọ, síbi tí ẹ̀rọ ní òkùnkùn ti ṣú.

“Mélòó nìyí, Màmá?”

“Méjì.”

“Èyí ńkọ́?”

“Mẹ́ta. O ti tún ká ọ̀kan padà, ó ku méjì. Ṣé eré la wá ṣe níbí ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ojú kejì wò, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ wò ó, òkè ń dáhùn, ìsàlẹ̀ ń dáhùn, ojú obìnrin náà mọ́ kedere. Ó wá sún mọ́ ọn, ó sì bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ló dé tí kò tẹ bọ́tìnì nígbà tí iná ń tàn lókè fìlà Bàbá.

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó gbọ́ èébú. “Ṣé kí n wá gbójú sókè kí n máa ranjú mọ́ àgbàlagbà ni? Àyà rẹ̀ ni mò ń wò. Iná tí mo sì rí ni mo tẹ̀.”

“Màmá, ẹ̀rọ ni.”

“Ó kí mi. Ó mọ oríkì mi.”

Ìbíyẹmí jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹni tó bá rẹ ojú sílẹ̀ dé àyà àgbà, iná tó ń tàn lókè orí àgbà yóò jìnnà sí i, kò ní rí i. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ ń rí ẹyinjú tó ń sá wálẹ̀. Kò mọ ọ̀wọ̀, kò mọ ìtìjú, àìsàn ló ń pè é. Ẹ bá mi wò ó o. Ọmọkọ́mọ tó ń wo ìyá rẹ̀ lójú ràn-ìn nígbà tí ìyẹn bá ń bá a wí, òun ni ẹ̀rọ yóò fún ní àwọ̀ ewé. Ẹni tí wọ́n tọ́ tó gbẹ̀kọ́, tí kò lè wo ẹni tó jù ú lọ lójú kódà bí wọ́n na idà sí i, òun ni wọ́n ń kó lọ sí Ilé Ìsinmi. Àwọn tó mọ ènìyàn kí ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, tí wọ́n ní afọ́jú ni wọ́n.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i bí ẹni tí wọ́n bu ata sí lójú. Ó dìde láti kojú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyọnu, tó jẹ́ olórí wọn, ti gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí gbogbo ènìyàn lọ jẹun ọ̀sán, kí Ìbíyẹmí wá rí òun nínú yàrá.

Láníyọnu yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan iná sójú ọmọ ọwọ́ tí ọmọ náà kò fi ní sunkún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tí Ìbíyẹmí sì fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, òun ló lọ bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n má yọ orúkọ rẹ̀. Ó bu omi fún un, ó ní kó sọ ohun tó rí. Ìbíyẹmí sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń retí kí ọkùnrin náà fò dìde. Kò fò dìde. Ó kàn ń mi orí bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ka ìwé tó ti kà rí.

“O yára rí i,” ni ó wí. “Ó pẹ́ kí èmi tó rí tèmi.”

Ìbíyẹmí kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò ní ojú. Àwọn àgbàlagbà ò gbà láti jókòó tì í. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ojú àwọn lé nǹkan tí kò ní baba, tí kò ní ìyá lọ́wọ́. Ni wọ́n bá fún un ní ojú àgbà, wọ́n kọ́ ọ ní ìkíni àti oríkì, ìlú sì ń rọ́ wá. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ àṣìṣe tó wà níbẹ̀, Ilé Ìsinmi ti kún. Ó ní tí wọ́n bá sọ ọ́ báyìí, kò sí ẹni tí yóò gba ẹ̀rọ gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ojú wọn ń kú lóòótọ́ pọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ló ń tètè rí i tí wọ́n fi ń rí ìwòsàn.

“Wọ́n lè yọ ojú yẹn kúrò, sà,” ni Ìbíyẹmí wí. “Ìràwọ̀ la máa ń fi síbẹ̀ fún àwọn ọmọdé, torí pé irùngbọ̀n Bàbá ń pa wọ́n lẹ́kún. Gbogbo wa la mọ ibi tí a ti ń yí i.”

“Ohun tí a máa ṣe fún ìyá rẹ gan-an nìyẹn.”

Ó sọ ìyókù bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Bí wọ́n bá padà wọlé, wọn yóò ní ẹ̀rọ ṣe ségesège láàárọ̀, wọn yóò tún un ṣe pẹ̀lú ìràwọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ yóò di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ bá sì ti gbà tí wọ́n tẹ àtàǹpàkò lé, ó di ẹ̀yìn ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó lè yí i. Òfin ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò padà sórí kíréènì. Òun Ìbíyẹmí yóò gba Àga, yóò di ẹni ńlá ní olú-ìlú, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Tí kò bá gbà, àtàǹpàkò ẹlòmíràn yóò tẹ àwọ̀ eérú fún ìyá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, òun náà yóò sì gba àpò Ẹsẹ̀.

“Má wò mí báyẹn,” ni Láníyọnu wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bàbá tèmi náà mọ ènìyàn kí. Gbogbo àwa tó wà lórí Àga, tí òbí wa gbẹ̀kọ́, ọ̀nà yìí la gbà.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Gbogbo wọn mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti dúró síbi tí òun dúró sí yìí, wọ́n ti rí i, wọ́n ti yọ ìyá tiwọn, bàbá tiwọn, wọ́n sì ti gun orí Àga lọ máa tẹ àwọ̀ eérú fún ìyá àti bàbá ọlọ́mọ. Ìbíyẹmí fẹ́ da omi náà sí i lára. Ó gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá ìyá òun sọ̀rọ̀.

Abẹ́ pátákó tó ń fi oòrùn ṣe iná lẹ́yìn gbọ̀ngán ni ìyá rẹ̀ jókòó sí, ó ti ká ìró tuntun náà sókè kó má bàa rún. Oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ìbíyẹmí kò fi ọ̀kan pa mọ́ fún un. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ béèrè kì í ṣe nípa ara rẹ̀.

“Ṣé ohun tó ṣe Bàbá Ṣiyanbọ́lá náà nìyẹn?”

Bàbá Ṣiyanbọ́lá ló kọ́ ìyá rẹ̀ ní kíréènì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin èbúté ní obìnrin kan kì í gun ibẹ̀, òun ló dúró nísàlẹ̀ tó ní kó máa gùn lọ, òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó bá fi oṣù kan péré jù ú lọ ni. Láti ọdún mẹ́ta ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, tí wọ́n sì ti mú un lọ. Ìbíyẹmí ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dá òun lójú pé ohun tó ṣe é nìyẹn.

“Ó ń rìn bí afọ́jú,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Nígbà tí mo lọ kí i, ó ń fọwọ́ tá ògiri kiri. Wọ́n sọ fún un pé kò ríran, ó sì gbà.”

Lẹ́yìn náà ló dé oúnjẹ rẹ̀.

“Gba ohun tí wọ́n fún ọ.”

“Màmá, Bàbá Ṣiyanbọ́lá ńkọ́?”

“Mi ò sọ pé kò dùn mí. Mo ní kí o gbà á. Mi ò lè lọ jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa fi ṣíbí bọ́ mi, èmi tí mo ti ibi iṣẹ́ yẹn tọ́ ọ. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ ni mí.”

Ìbínú tún ru sókè nínú Ìbíyẹmí, ó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Ohun tó dá a lẹ́kun ni pé ìdajì ọkàn tirẹ̀ ti ń yọ̀. Ìdajì náà ti rí ilé olú-ìlú, ó ti rí ìyá rẹ̀ lórí kíréènì, ó sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu ìdajì kejì nínú. Ìdajì yìí ló bí i nínú ju Láníyọnu lọ. Ó rò ó pé báyìí gẹ́lẹ́ ló ṣe rí lára gbogbo wọn, lábẹ́ pátákó kan náà yìí, ìyá kan náà yìí, oúnjẹ kan náà. Kò sí ẹni burúkú kan nínú wọn. Ọmọ dáadáa ni gbogbo wọn.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní ó dáa, òun ti gbọ́.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ìràwọ̀ funfun kékeré kan ló wà nínú dígí níbi tí arúgbó wà tẹ́lẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì kí i. Ìyá Kíréènì jókòó, ó tẹ ojú mọ́ ìràwọ̀ náà bí ẹni tó ń gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ sórí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń dún lórí bọ́tìnì, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, kò fo ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sórí àwọ̀ ewé. Ìbíyẹmí tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ lé e. Ìlẹ̀kẹ̀ náà dún wọ́ọ́rọ́, ó ti wọlé, ó di ẹ̀yìn ọdún. Gbọ̀ngán hó fún àtẹ́wọ́, Láníyọnu alára sì ń pàtẹ́wọ́.

Àṣà ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí ẹni tó yege sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ìbíyẹmí bọ́ síwájú.

“Ojú kan náà ni,” ni ó wí. “Láàárọ̀, ẹ̀rọ yìí ní ó ti ṣú. Lọ́sàn-án yìí, ẹ̀rọ yìí kan náà ní ó mọ́. Ohun kan ṣoṣo la yí padà. A yọ àgbà kúrò níwájú rẹ̀.”

Ó sọ èyí tó kù láìsáré. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe wo àyà Bàbá. Ó sọ nípa ìràwọ̀ tó wà fún àwọn ọmọdé. Ó sọ pé àwọn tó wà lórí Àga mọ̀, pé nítorí ìyá tiwọn ni wọ́n fi mọ̀. Ó wá béèrè bóyá ẹnìkan wà nínú gbọ̀ngán tó ní ènìyàn ní Ilé Ìsinmi, ẹni tó mọ̀ ọ́n kí, tó ń rẹ ojú sílẹ̀ níwájú àgbà. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Ọkùnrin kan dìde tẹ̀lé e, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo àga nìkan lèèyàn ń gbọ́.

Láníyọnu ti sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó ń bọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìbíyẹmí na ọwọ́ sí ara ẹ̀rọ, ó yí ìràwọ̀ kúrò. Ojú arúgbó padà sínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

“Àkànmú, káàbọ̀, ọmọ mi,” ni ó wí. “Máa wò mí lójú.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. Ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ju ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngán lọ, ó mọ̀ pé dígí ni, iná ni, wáyà ni. Síbẹ̀ orí rẹ̀ tẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ dé àyà arúgbó náà níwájú gbogbo ènìyàn. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ìyá tó bí i ló ti kọ́ ọ, ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé ojú náà sókè, gbogbo gbọ̀ngán ti rí i.

Wọ́n pa iná ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò sì tètè lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yọ orúkọ Ìbíyẹmí kúrò lára àwọn tó gba Àga, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ sì ju àpò Ẹsẹ̀ sí i láti orí pèpéle bí ẹni ju egungun sí ajá. Ìyá rẹ̀ ń lọ níwájú, kò dúró dè é. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ló tó yíjú.

“Ọdún kan lo rà fún mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Tó bá di ẹ̀yìn ọdún, wọn yóò tún gbé mi síwájú ẹ̀rọ. Wọn ò sì ní fi ìràwọ̀ síbẹ̀.”

Ìbíyẹmí ní òun mọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, nítorí kò kábàámọ̀, ìyá rẹ̀ náà sì rí i lójú rẹ̀ pé kò kábàámọ̀. Obìnrin náà fa ilẹ̀kùn ṣí, inú ń bí i, ó sì ń bí i títí ó fi sùn. Ohun kan ṣoṣo tó tún sọ ni pé ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣiyanbọ́lá ni kó kọ́kọ́ gbé àpò náà lọ.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ Ilé Ìsinmi kì í dá ọlọ́nà Ẹsẹ̀ dúró. Ta ló ń bẹ̀rù ẹni tó wá kán oògùn sójú? Ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn kan ni, bẹ́ńṣì wà lọ́tùn-ún àti lósì, àwọ̀ eérú ń tàn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó jókòó. Bí Ìbíyẹmí ṣe wọlé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ẹ káàbọ̀, dókítà. Ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́, màmá ńkọ́? Láti bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí kò kí i, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó wò ó gan-an. Ìkíni náà ń gún un láyà. Kò tíì wọ ilé tí wọ́n ti gbẹ̀kọ́ tó báyìí rí láyé rẹ̀.

Bàbá Ṣiyanbọ́lá jókòó ní ìparí ọ̀ọ̀dẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ fún un. Inú bàbá náà dùn, ó béèrè kíréènì bí ẹni ń béèrè ọmọ. Ìbíyẹmí wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó rẹlẹ̀ sí i, kò sí ìdí kankan tí bàbá náà fi ní máa sá ojú fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ kó máa wo ojú òun, ó sì gbé ìka sókè, ó gbé e ga gan-an.

“Mélòó nìyí, sà?”

“Wọ́n ní n kò lè rí apá ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, sà. Mélòó ni?”

Bàbá náà tẹ ojú mọ́ tirẹ̀.

“Mẹ́rin,” ni ó wí. “Èyí tó kéré jù ló ká sínú.”

Ìbíyẹmí yẹ ojú kejì wò. Ó yẹ ẹ̀gbẹ́, ó yẹ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà mú, ó ní ojú rẹ̀ kò ní nǹkan kan, kò fìgbà kan ní nǹkan kan, ó sì sọ ohun tó fà á. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì tó sún mọ́ wọn ti dákẹ́. Bàbá Ṣiyanbọ́lá kò dúpẹ́, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Ta ló mọ̀?”

“Àwọn tó wà lórí Àga, sà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀.”

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó dìde dúró fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì fa Ìbíyẹmí dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

“Mú mi lọ bá àgbà inú ẹ̀rọ yẹn,” ni ó wí. “Mo fẹ́ wò ó lójú.”